Iṣẹ́ Ọmọ tí Wọ́n Fi Tẹrú Jẹ́: Ta Ló Kọ Ọ̀rọ̀ Sojourner Truth Sílẹ̀?



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ẹni tó rán wa lè sọ̀rọ̀ ṣákálá, kí ó má bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni; ọwọ́ ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà ló kù sí láti tún un sọ kí ó lè dé etí àwọn tó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ti iṣẹ́ kan tó gba ọ̀nà òdìkejì. Obìnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú rí sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn tó fẹ́ ire fún un, ni wọ́n bá a jíṣẹ́ náà, wọ́n sì fi tẹrú jẹ́ ẹ. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Sojourner Truth ni orúkọ obìnrin náà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ yìí rí. Ẹ ó sì ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ níbi ìpàdé àwọn obìnrin, tó ń bi àwọn èèyàn léraléra bóyá òun náà kì í ṣe obìnrin. Ìbéèrè yẹn wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ó wà lára ògiri, ó wà lára aṣọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀. Ohun tí kì í sí lára aṣọ ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé ẹnu rẹ̀ ni ìbéèrè yẹn ti jáde. Kí ẹ tó ní bàbá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀rí náà síwájú yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èdè tí wọ́n bí i sí

Ní nǹkan bí ọdún 1797 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Ulster ní ìpínlẹ̀ New York, lẹ́bàá odò Hudson. Isabella ni wọ́n sọ ọ́. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ nílé ìdílé Hardenbergh. Ẹ dúró síbí yìí díẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ "ẹrú ní Amẹ́ríkà", ọkàn wa máa ń lọ sí Gúúsù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sí oko òwú. New York kì í ṣe Gúúsù. Àwọn Dutch ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó nínú àwọn ará Yúróòpù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1664. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá yí, èdè kì í yára yí. Ní abúlé àwọn tí wọ́n ni Isabella, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 100, Dutch ni wọ́n ṣì ń sọ, olówó àti ẹrú. Dutch ni ọmọ yìí fi pe ìyá rẹ̀, òun ló fi gbàdúrà, òun ló fi sunkún.

Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 9, wọ́n tà á. Wọ́n fi òun àti agbo àgùntàn kan papọ̀, wọ́n sì tà wọ́n ní 100 dọ́là fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Neely. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé Neely, ọmọ náà kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, ó sọ pé bí wọ́n bá ní kí òun mú páànù ìdín wá, ìwọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ìkòkò sókè iná ni òun máa gbé wá, nítorí òun kò mọ èwo ni wọ́n ń pè. Inú a bí ìyá ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, Neely di ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹgba nà án títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Àpá náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sí i: Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún un, ẹgba ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Wọ́n tún un tà lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ní 1810 ó bọ́ sọ́wọ́ John Dumont, ó sì sìn ín fún nǹkan bí ọdún 16. Òfin ìpínlẹ̀ New York ti sọ pé ẹrú irú rẹ̀ yóò di òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1827. Dumont ṣèlérí pé òun yóò dá a sílẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, ó yẹ àdéhùn. Nígbà tí ọdún 1826 ń parí lọ, Isabella gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde nílé Dumont kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdílé Van Wagenen gbà á sílé. Nígbà tí Dumont wá a dé ibẹ̀, wọ́n san 20 dọ́là fún un lórí ìyá, 5 dọ́là lórí ọmọ, kí ó lè máa lọ.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ pé wọ́n ti ta Peter, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lọ sí Alabama, ohun tí òfin New York kò fàyè gbà. Obìnrin yìí, tí kò mọ̀wé kà, tí kò ní kọ́bọ̀, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 1828 ó gba ọmọ rẹ̀ padà. Ẹ rò ó wò: aláwọ̀ dúdú, obìnrin, ẹrú àná, ó pe aláwọ̀ funfun lẹ́jọ́, ó sì jàre. Ẹni tó bá ṣe irú èyí mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu jà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1843, ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà. Sojourner ni àtìpó, Truth ni òtítọ́. Ó wá sí Northampton ní Massachusetts, níbi tí àwọn alátùn-únṣe kan ti kó ara wọn jọ láti máa gbé pọ̀, kí wọ́n sì máa ṣe aṣọ ṣẹ́dà, láìka àwọ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti mọ William Lloyd Garrison, tó dá ìwé ìròyìn *The Liberator* sílẹ̀ ní 1831 láti bá oko ẹrú jà, àti Frederick Douglass, ẹrú tó sá àsálà ní 1838 tó wá di òǹkọ̀wé àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pàtàkì. Ní 1850, ìwé ìtàn ayé Sojourner jáde. Òun ló sọ ọ́, Olive Gilbert ló kọ ọ́ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e kiri tà níbi tó bá ti lọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan, àdàkọ méjì

Ní ọjọ́ 28 àti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1851, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ṣe ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Frances Dana Gage ni alága. Marius Robinson, olóòtú ìwé ìròyìn *Anti-Slavery Bugle*, ni akọ̀wé. Sojourner dìde, ó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, oṣù náà kò tíì pé, Robinson tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé ní kúkúrú. Sojourner ní òun lágbára bí ọkùnrin kankan, òun ti kọ ebè, òun ti kórè, òun ti gé igi, oúnjẹ òun náà kò sì kéré sí ti ọkùnrin. Ní ti òye, ó ní bí ti obìnrin bá jẹ́ ìwọ̀n kékeré, tí ti ọkùnrin sì jẹ́ ìwọ̀n ńlá, kí ló dé tí obìnrin kò lè gba kékeré tirẹ̀ kí ó kún? Ó ní òun kò mọ̀wé kà, àmọ́ òun ń gbọ́. Òun ti gbọ́ Bíbélì. Bí ó bá jẹ́ Éfà ló ba ayé jẹ́, ẹ fún obìnrin láyè kí ó tún un ṣe. Ó rán wọn létí bí Jésù ti ṣe gbọ́ ẹkún Màríà àti Màtá, ó sì bi àwọn ọkùnrin pé Ọlọ́run àti obìnrin ló mú Jésù wá sáyé, níbo ni ipa tiwọn wà? Ó wá fi àwàdà parí rẹ̀: ẹrú ń bọ̀ lápá kan, obìnrin ń bọ̀ lápá kejì, ọkùnrin aláwọ̀ funfun ti há sáàárín àwòdì àti igún.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti mú tó! Ẹni tó sọ ọ́ kò tọrọ àánú. Ó ń ṣàríyànjiyàn, ó ń pa òwe, ó ń rẹ́rìn-ín àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n. Kò sí ìbéèrè olókìkí yẹn níbẹ̀, kò sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdún 12 kọjá. Ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1863, Harriet Beecher Stowe, tó kọ *Uncle Tom's Cabin* ní 1852, tẹ àpilẹ̀kọ kan nípa Sojourner jáde nínú *Atlantic Monthly*. Ó ní Áfíríkà ni wọ́n bí i. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé obìnrin náà ti kú. Bẹ́ẹ̀ Sojourner ṣì wà láyé, ọdún 20 sí i ló sì fi gbé lẹ́yìn náà. 1883 ló kú, ní Battle Creek ní Michigan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin yẹn kan náà, Frances Gage náà gbé tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní New York: ó ní òun rántí ọ̀rọ̀ Akron.

Nínú ohun tí Gage rántí, ìpàdé náà gbóná, àwọn èèyàn ń kùn, wọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú sọ̀rọ̀. Ìròyìn ọdún 1851 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà tayọ̀tayọ̀. Nínú ti Gage, Sojourner ní òun bí ọmọ 13, wọ́n sì ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ márùn-ún ni ìwé ìtàn ayé rẹ̀ mọ̀. Nínú ti Gage ni ìbéèrè yẹn ti kọ́kọ́ yọjú, lẹ́ẹ̀mẹrin. Nínú ti Gage sì ni Sojourner ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ẹrú Gúúsù.

Ọ̀rọ̀ nípa àkọtọ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ tiwa nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti wọlé. Gúúsù kọ́? Obìnrin tí wọ́n bí sẹ́bàá odò Hudson, tí Dutch jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ará New York, níbo ló ti rí ohùn Gúúsù? Ẹnìkan lè sọ pé Gage kọ *d* síbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo *th*, àti pé èdè Dutch náà kò ní ìró *th* yẹn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ *d* lóòótọ́. Kò burú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo kì í di ẹ̀ka-èdè. Àpapọ̀ ohun tí Gage kọ, láti orí ìró dé orí ọ̀rọ̀, ni ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà máa ń fi sí ẹrú oko òwú lẹ́nu nínú ìtàn àròsọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ní 1862 sí 1863, Gage wà ní erékùṣù Parris ní South Carolina, láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Lójú tèmi, ohùn tó gbọ́ níbẹ̀ ti wọ inú ohun tó ń rántí.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi àkọtọ́ sàmì sí. Gage, ará Ohio, ní ohùn tirẹ̀. Àwọn pásítọ̀ tó wà níbẹ̀ ní ohùn tiwọn. Kò sẹ́ni tó kọ ti wọn bó ti dún. Ẹ fojú inú wo ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó kọ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn ní Yorùbá àjùmọ̀lò, tó wá dé orí màmá kan láti Ọ̀wọ̀ tàbí Ìjẹ̀bú, tó sì fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ kọ tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀ka-èdè náà lè dùn bí oyin. Síbẹ̀ òǹkàwé yóò mọ ẹni tí wọ́n ní kó fi rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá wá fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú sí ará Ọ̀wọ̀ lẹ́nu ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sojourner gan-an nìyẹn. Irú àkọtọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sọ bí ọ̀rọ̀ ti dún. Ipò ni ó ń sọ.

Mi ò sọ pé àdàkọ Robinson jẹ́ ohùn Sojourner gẹ́lẹ́ o. Kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé ìwé kò lè gbé ohun tí àwọn gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ó ti tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi àdàkọ méjèèjì sórí tábìlì, tí ọ̀kan súnmọ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wáyé, tí akọ̀wé ìpàdé kọ ọ́, tó sì fi ojú kan náà wo gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi mọ èyí tí màá mú.

Kí ló fà á?

Bí ó bá jẹ́ àwọn olówó ẹrú ló ṣe èyí, ọ̀rọ̀ náà kì bá má le. Stowe àti Gage kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n fi ọdún púpọ̀ bá oko ẹrú jà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ẹ gbọ́ ohun tí Douglass sọ nínú ìwé rẹ̀ kejì, èyí tó jáde ní 1855. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ káàkiri ní 1841, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kàn sọ ìtàn ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó fi àlàyé sílẹ̀ fún wọn, kí ohùn oko ẹrú díẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí bí ó bá dán jù, àwọn èèyàn kò ní gbà pé ó ti ṣe ẹrú rí. Wọn kò purọ́. Àwọn èèyàn ń ṣiyèméjì lóòótọ́. Ẹ̀yin ẹ wo ọ̀fìn náà: bí ẹrú bá sọ̀rọ̀ dáadáa, òpùrọ́ ni, bí kò bá sọ ọ́ dáadáa, ẹni àánú ni. Douglass kọ̀. Ó kọ ìwé tirẹ̀ ní 1845, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀, *The North Star*, sílẹ̀ ní Rochester ní 1847. Ó ní kálàmù.

Harriet Jacobs náà ní kálàmù. Ó ti sá fún oko ẹrú ní North Carolina. Ní 1853, wọ́n bá a bẹ Stowe kí ó ràn án lọ́wọ́. Stowe ní òun yóò fi ìtàn náà kún ìwé tí òun ń kọ lọ́wọ́. Ó dun Jacobs. Ó jókòó, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1861 lábẹ́ orúkọ Linda Brent. Lydia Maria Child ni olóòtú. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ ń sọ pé Child ló kọ ìwé náà, pé kò lè jẹ́ ẹrú? Àfi ìgbà tó di àwọn ọdún 1980, tí Jean Fagan Yellin fi lẹ́tà Jacobs fúnra rẹ̀ fi hàn pé òun ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé kọ pàápàá, bí wọ́n ti gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí la wá fẹ́ sọ nípa ẹni tí kò mọ̀wé?

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Sojourner kàn ń wò wọ́n. Ní 1863 kan náà, ó ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ní Boston: ohun tí Stowe kọ kò péye, ìyá òun àgbà ló wá láti Áfíríkà, kì í ṣe òun. Ó tún ní òun kì í pe èèyàn ní "honey", bí ẹni ń sọ pé "oyin mi", gẹ́gẹ́ bí Stowe ti fi sí òun lẹ́nu. Ní 1864, ó gba ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí fọ́tò ara rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì ń tà á. Nínú àwọn fọ́tò yẹn, ó wọ aṣọ tó bójú mu, ó wé gèlè funfun, ó fi awò sójú, ó mú òwú ìhunṣọ lọ́wọ́, ìyá àgbà tó mọ iyì ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó kálàmù, àmọ́ ó tó àwòrán.

Ní 1879, nígbà tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, ìwé ìròyìn kan ní Kalamazoo ní Michigan kọ ọ́ pé Sojourner ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yangàn, nítorí èdè àjèjì ló jẹ́ fún un. Inú rẹ̀ kò sì dùn sí àwọn tó máa ń ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń fi ohùn Gúúsù sí i lẹ́nu. Lójú rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni. Èmi kò rí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n nà torí kò mọ páànù ìdín ní Gẹ̀ẹ́sì dàgbà, ó kọ́ èdè náà, ó gbọ́ ọ, ó fi borí lẹ́jọ́, ó fi wàásù. Nígbà tó di arúgbó tán, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí mìíràn tí kò yẹ kí n fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n tún ìwé ìtàn rẹ̀ tẹ̀ ní 1875, Frances Titus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣe olóòtú, fi àpilẹ̀kọ Stowe àti ti Gage kún un. Ìwé yẹn ni Sojourner ń tà jẹun. Òkìkí tí wọ́n fún un pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń mú owó wọlé. Ní 1881, ti Gage tún wọ inú ìwé ńlá ìtàn ìjà fún ìbò àwọn obìnrin, láti ibẹ̀ ló sì gba gbogbo ayé kan. Ti Robinson wà nílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn òpìtàn bíi Nell Irvin Painter gbé e síta lákọ̀tun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, yálà fún ìwé oyè ni o, fún rédíò ni o, tàbí ẹ kàn ń fi fóònù gba ìtàn ìdílé yín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ fi ojú kan náà kọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ẹ bá máa sàmì ohùn ọ̀kan, ẹ sàmì ti èkejì. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sétí ẹni tó sọ ọ́, kí ó lè sọ pé "rárá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Ìfẹ́ tí a ní sí èèyàn kò ní kí a má ṣì í jẹ́. Gage fẹ́ràn Sojourner. Ó ṣì gbé ẹnu ẹlòmíràn fún un.

Ní ti ìbéèrè tó wà lára aṣọ, ẹ máa wọ̀ ọ́ o, mi ò ní kí ẹ bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá bèèrè pé kí ni màmá yẹn sọ ní Akron, ẹ sọ ti ìwọ̀n kékeré àti ìwọ̀n ńlá fún un, kí ẹ sì sọ ti àwòdì àti igún.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.